Obìnrin Tó Kọ Ìwé Ilé Ẹ̀yínadé

Bí Màmá Àgbà bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ìdílé kan, kì í mú ìwé dání lọ síbẹ̀. Ẹ̀gúsí ló máa ń mú lọ. Á jókòó ti àwọn ìyá ilé náà ní ẹ̀yìnkùlé, á da ẹ̀gúsí sínú igbá, á máa bó o, wọn á sì máa bá a bó o. Ó ní ẹni tó bá rí gègé lọ́wọ́ èèyàn á kọ́kọ́ fọ ẹnu rẹ̀ mọ́ kó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ á máa rìn fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀gúsí bá tán, á dìde, á dúpẹ́, á sáré wálé. Kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà, kí ohun tó gbọ́ má baà dànù. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ìgbéraga ni.

Orúkọ rẹ̀ ni Lydia Dúrótoyè. Òun ló bí bàbá mi. Àwọn ará Òkè-Ìmẹ̀sí ń pè é ní Ìyá Tíṣà, nítorí ó kọ́ àwọn ọmọ níwèé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ní Ẹfọ̀n, ní Àrámọkọ, àti níkẹyìn ní ìlú wa. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn àwọn ìdílé. Kì í kọ ti ọba, ó ní ọba ti ní àwọn tó ń kì í. Ìdílé tó ń wù ú ni èyí tí ẹ̀bùn kan àti ìyọnu kan jọ ń gbé inú rẹ̀. Ó kọ ti ilé kan tí ohùn wọn dùn ju ti gbogbo ìlú lọ, tí ọtí sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ti ilé kan tí gbogbo ọmọ wọn mọ̀wé, tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kì í kí ara wọn. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá, á kọ ọ́ dé orí ọmọ tó ṣì wà ní ilé ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi òwú rán ìwé náà pọ̀, tó ń fi àjákù aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó rán an, á pe gbogbo ilé náà jọ, á kà á sí wọn létí láti òkè délẹ̀, á sì bi wọ́n pé, "Ta ló ní ọ̀rọ̀?" Láti ọjọ́ náà ìwé ti di tiwọn. Kì í fi í han ará ìta láé.

Láti ọdún 1962 ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Bí a bá gba ìsinmi ní ilé ìwé, èmi ni mo máa ń bá a kọ ọ́: òun á sọ, èmi á kọ. Ohun tí n kò fojú mi rí nínú ìtàn yìí, òun ló sọ ọ́ fún mi. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti gbọ́ bí mo ṣe kọ ọ́, wọ́n sì yọ̀ǹda.

Ní ọdún 1963, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláńrewájú wá láti Ẹfọ̀n. Màmá Àgbà ti kọ́ ọ níwèé rí nígbà tó wà ní kékeré. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni olórí ilé wọn báyìí, tó ń ra kòkó káàkiri, tó sì ní ọkọ̀ akẹ́rù kan, etí àga ló jókòó sí, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ bi ní ìṣirò.

"Tíṣà," ó ní, "òpó ààfin mẹ́rin ló wà ní agbègbè yìí tó jẹ́ pé ọwọ́ ilé wa ló gbẹ́ wọn. Púpítì ìjọ wa, bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn ń fọwọ́ pa á, wọn ò mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ikán má baà jẹ orúkọ wa mọ́ igi."

"Ìwọ náà ń gbẹ́gi ni?"

"Èmi kẹ̀, Tíṣà? Ṣé ẹ ti gbàgbé bí mo ṣe ń fa ìlà? Bí mo bá gbẹ́ àpótí ìjókòó, ẹni tó bá jókòó lé e, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀."

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbà láti kọ ọ́.

Ó tó ọdún kan tó fi ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹfọ̀n, àpò ẹ̀gúsí lórí itan rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ilé náà ń sọ ọ́.

Ẹ̀yínadé, baba ńlá wọn, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà náà. Wọ́n ní bó bá gbẹ́ ẹkùn, ewúrẹ́ kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tó dàgbà, ó pa iṣẹ́ ààfin tì, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sì ń gbẹ́ ojú obìnrin kan ṣoṣo, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó gun òkè lọ, kò sì padà wálé mọ́. Jacob, ọmọ rẹ̀, ló gbẹ́ púpítì. Ní ọdún 1938 ni òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹyẹ kéékèèké. Ó gbẹ́ ẹyẹ kún agbọ̀n méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú odò ní ọ̀nà oko. Ọmọ́tọ́ṣọ́, àkọ́bí Jacob, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Ọláńrewájú, ló mọ ọnà jù nínú gbogbo wọn. Ní ọdún 1952 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀kùn kéékèèké tí kò ṣeé ṣí. Odò kan náà ni wọ́n ti gbé e.

Ohun kan tún wà tí ìyá arúgbó kan sọ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Ó ní àwọn ọkùnrin ilé náà máa ń kọrin bí wọ́n bá ń gbẹ́gi. Ó ní orin yẹn ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́.

Màmá Àgbà ní kí n kọ ti Ẹ̀yínadé sí ojú-ìwé kan, ti Jacob sí èkejì, ti Ọmọ́tọ́ṣọ́ sí ẹ̀kẹta, kí n tẹ́ wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kà wọ́n sókè. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹta, mo ti mọ ohun tó kàn kí n tó kà á. Orin dákẹ́. Ilẹ̀kùn tì. Ohun kékeré kan náà, lójoojúmọ́.

"Kò sí ẹni tó tíì rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ rí," Màmá Àgbà wí. "Ẹni tó rí ti Ẹ̀yínadé ti kú kí ti Ọmọ́tọ́ṣọ́ tó dé."

Ó rán sí Ọláńrewájú pé òun fẹ́ wá ka ìwé náà fún ilé, ó sì jẹ́ kó mọ ohun tó wà nínú ojú-ìwé mẹ́ta náà, kó má baà bá a lójijì láàárín èrò. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni Ọláńrewájú dé. Oṣù Kẹwàá ọdún 1964 ni. Kò jókòó sí etí àga mọ́. Kò jókòó rárá.

"Tíṣà, ẹ yọ ojú-ìwé mẹ́ta yẹn kúrò."

"Kí ló dé?"

"Ibà ló pa bàbá mi. Ibà ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," Màmá Àgbà wí.

Bó ṣe rí nìyí. Níbi ìsìnkú onígbàgbọ́ lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n tó gbé òkú jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan á dìde ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀: ọdún tí wọ́n bí i, iṣẹ́ tó ṣe, irú ikú tó kú. Nígbà tí Jacob kú, Màmá Àgbà ni tíṣà ní Ẹfọ̀n, òun ni wọ́n ní kó kọ ọ́. Àwọn ẹbí bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní bí ṣọ́ọ̀ṣì bá gbọ́ pé odò ni, wọn ò ní gbà á sínú ilé Ọlọ́run, ẹni tó gbẹ́ púpítì wọn. Àánú ṣe é. Ó kọ ibà. Wọ́n kà á, gbogbo ìjọ sì sunkún.

Ọláńrewájú ti mọ èyí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà, ó wà nínú ìjókòó.

"Tíṣà, ẹ gbọ́ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ mọ Tinúkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti rí ọkọ. Jídé ni, ọmọ Gbádégẹṣin ará Ìdó-Ilé, akọ̀wé ni ní Ìjerò. Àwọn ẹbí ọkọ ti ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ yà, torí wọ́n ti gbọ́ pé ẹ̀ ń kọ ìwé wa. Bí wọ́n bá dé, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo ń tọrọ: 'Ilé dáadáa ni wọn.' Ó tán."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìwádìí. Kí a tó gbé ìyàwó, ẹbí ọkọ á rán alárinà kiri láti béèrè bóyá wèrè, ẹ̀tẹ̀ tàbí wárápá wà nínú ilé náà. Bí ẹni tí wọ́n bi bá dáhùn kíákíá pé ilé dáadáa ni, ó ti bùṣe. Bó bá ní, "Ẹ lọ bi onílé," alárinà á dúpẹ́, á dìde, kò sì ní béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbéyàwó náà ti tú. Báyìí ni àwọn àgbà ṣe máa ń kọ̀ láìfi ẹnu ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Nítorí náà Màmá Àgbà kò tilẹ̀ lè dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ó ti sọ ọ́.

"Mi ò lè sọ ọ́, Ọláńrewájú."

"Tíṣà! Ẹ ti sọ ọ́ rí! Ẹ lè purọ́ fún òkú, ẹ ò wá lè purọ́ fún alààyè?"

"Irọ́ tí mo pa fún òkú ló pa alààyè."

Ó wá sọ ti Mary, ìyàwó Ọmọ́tọ́ṣọ́, tó jẹ́ ìyá Tinúkẹ́. Ọmọ Àrámọkọ ni Mary. Bàbá rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú Jacob, ó gbọ́ ìwé tí wọ́n kà, ó sì wú u lórí tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣe ìwádìí kankan mọ́ nígbà tí Ọmọ́tọ́ṣọ́ wá tọrọ ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1952, nígbà tí orin Ọmọ́tọ́ṣọ́ dákẹ́, inú Mary ń dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nídìí ẹ̀gúsí. Ó ní, "Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń lé àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má baà dí i lọ́wọ́. Ìyá Tíṣà, ká ní ẹnìkan sọ fún mi ni!"

"Mo ń wo ojú ẹ̀gúsí ọwọ́ mi," Màmá Àgbà sọ fún Ọláńrewájú. "Mi ò lè gbé ojú sókè wò ó."

Ọláńrewájú dé fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ fẹ́ fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ètùtù ẹ̀ṣẹ̀ tiyín." Ó sì jáde. A gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè wa.

Mo sọ pé ọ̀rọ̀ tó sọ kò dára. Màmá Àgbà mi orí.

"Kò purọ́," ó ní. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni alárinà dé. Ìyá Janet ni wọ́n ń pè é, ìbátan Gbádégẹṣin ni, obìnrin tó sanra, tó máa ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Tíṣà. Ẹsẹ̀ yìí, jókòó! O ti rìn tó. Tó bá jẹ́ báyìí ni òkè Ẹfọ̀n náà ṣe ga, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n gbé ìyàwó lọ́wọ́ kan, kí wọ́n gbé èmi náà lọ́wọ́ kejì." Ó mu omi tí mo gbé fún un, ó kí mi, ó ní mo ti ń dàgbà, ó béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ fi mí fún. Lẹ́yìn náà ó gbé ife sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ìyá Tíṣà, ẹ mọ ohun tó gbé mi wá. Ulé Ẹ̀yínadé. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀."

Mo gbé ife náà kúrò nílẹ̀.

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta," Màmá Àgbà wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ lọ sè é ni?" Ìyá Janet fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe alárinà, ẹnikẹ́ni ò tíì dá ọjọ́ fún mi."

"Ẹnìkan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi."

Ìyá Janet dìde láìbá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Màmá Àgbà ránṣẹ́ pe Tinúkẹ́, ó sì dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, tíṣà ni ní Ẹfọ̀n. Àwọn àwòrán tó ń yà sára pátákó fún àwọn ọmọ kéékèèké, a máa ń gbọ́ pé àwọn tíṣà yòókù kì í jẹ́ kí wọ́n nù wọ́n kúrò. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá Àgbà, ó sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé wọ́n fẹ́ bi í léèrè bí ọkọ rẹ̀ ṣe rí ni.

Mo ti mú ojú-ìwé mẹ́ta náà wá láti kà á. Màmá Àgbà ní kí n gbé e sílẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, láti orí Ẹ̀yínadé dé orí bàbá Tinúkẹ́. Nígbà tó kan ìwé tó kọ ní ọdún 1938, kò bo ara rẹ̀ láṣìírí.

Tinúkẹ́ kò sunkún. Ó ń fi ìka ya nǹkan sórí tábìlì níbi tí eruku wà.

"Mo ní ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn yẹn," ó ní. "Bàbá mi ló fún mi. Mo máa ń bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ó máa kàn mí, mà?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ó máa kan Moses?" Moses ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún dín ọ̀kan. Òun ló wà nídìí iṣẹ́ ọnà náà báyìí.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Kí ni ẹ wá mọ̀?"

"Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Tinúkẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ nu àwòrán orí tábìlì náà. Màmá Àgbà na ọwọ́ sí i, kò gbà á.

"Tinúkẹ́, bí o bá ní kí n sọ fún wọn pé ilé dáadáa ni, n ó sọ ọ́. Ayé rẹ ni. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ìwọ lo yàn án. Kí ó má jẹ́ èmi. Kí ó má jẹ́ Ọláńrewájú. Ìyá rẹ ò rí ẹni tó fún un láàyè láti yàn."

"Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ láìpè mí," Tinúkẹ́ wí. Ìgbà yẹn ni ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí. "Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n lọ. Báyìí tí mo ti mọ̀, ṣé mo lè wọ ilé onílé, kí n máa tẹ́tí sí orin ọmọ mi?"

Ó di gèlè rẹ̀ padà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú. "Ẹ má dá Ìyá Janet lóhùn. Èmi ni n ó sọ fún Jídé."

Ó sì sọ fún un. Wọ́n ní Jídé wá sí Ẹfọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà, ó ní òun gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Gbádégẹṣin ní ọmọ òun kò ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ odò. Nígbà tó di Àjíǹde ọdún 1965, orúkọ Jídé àti ti ọmọbìnrin mìíràn ni wọ́n kà fún ìgbéyàwó nínú ìjọ wọn.

Ọláńrewájú ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ ìwé mọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Ìdílé méjì tó ti ní kí Màmá Àgbà wá kọ tiwọn ní kó dúró ná. Bó bá dé ọjà, àwọn obìnrin á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ má bá Ìyá Tíṣà bó ẹ̀gúsí o! Á bó ẹ̀yin náà mọ́ ọn." Màmá Àgbà ti gègé rẹ̀ bọ inú àpótí. Ìwé ilé Ẹ̀yínadé wà nílẹ̀ láìrán, ó fi ọ̀já aṣọ dì í. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, ó ní kò sí ohun tí a fẹ́ kọ.

Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, "Èwo nínú rẹ̀?"

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, nígbà tí ìjà òṣèlú mú kí àwọn èèyàn máa bẹ̀rù ọ̀nà, tí ọkọ̀ kì í sì í rìn déédéé, ẹnìkan kanlẹ̀kùn ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ti ti ilé ìwé wa nítorí rògbòdìyàn náà, mo wà nílé. Tinúkẹ́ ni. Ẹsẹ̀ ló fi gba orí òkè wá láti Ẹfọ̀n. Eruku dé orúnkún rẹ̀. Kò kúnlẹ̀, kò kí wa.

"Mà, ìwé yẹn dà?"

Màmá Àgbà dìde. "Ta ni?"

"Moses. Orin rẹ̀ ti dákẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àkàsọ̀ kéékèèké ló ń gbẹ́, wọ́n kún abẹ́ ibùsùn. Bọ̀dá Ọláńrewájú ní iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lára. Màmá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láti ìjẹta, kò dìde, kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì."

Mo fa ìwé náà yọ. Ọ̀já náà kò tètè tú, Màmá Àgbà fi eyín já a.

Tinúkẹ́ kò dúró mu omi. Ìyókù, òun ló sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà. Ó dúró láàárín agbo ilé ní Ẹfọ̀n, ó sì ka ojú-ìwé mẹ́ta náà sókè sí Ọláńrewájú létí. Nígbà tó parí ti Jacob, Ọláńrewájú ní ó tó. Kò dákẹ́. Ó ka ti Ọmọ́tọ́ṣọ́. Ọláńrewájú wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Ó da àpò kòkó tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní síbẹ̀ fún Moses àti ìyá rẹ̀, wọ́n sì kọrí sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò lọ́nà. Níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti dábùú igi sọ́nà, Mary sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí ọkùnrin. Wọ́n gbé igi kúrò.

Dókítà béèrè pé, "Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé yín rí?" Ọláńrewájú ni àgbà, òun ló yẹ kó dáhùn. Ó la ẹnu, ó ní, "Ibà..." Ó sì dákẹ́. Tinúkẹ́ gbé ìwé náà lé orí tábìlì. Dókítà náà gbọ́ Yorùbá, ó kà á tán, ó tún un kà. Ó ní, "Ẹ tètè dé."

Moses lo oṣù márùn-ún níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1966, Tinúkẹ́ tún wá. Ó kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé ìwé náà lé orí tábìlì, ó sì gbé ilẹ̀kùn kékeré kan lé e. Igi ìrókò ni, kò ga ju ìka mi lọ, gbogbo ìṣó rẹ̀ ló hàn, wọ́n gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ sí i lára. Màmá Àgbà fi ìka tọ́ ọ yí ká. Ojú rẹ̀ kò lè rí i mọ́.

"Moses ńkọ́?"

"Ó wà nílé. Ó gbẹ. Oògùn náà ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, kò lè gbẹ́ ojú èèyàn mọ́. Orógùn ló ń gbẹ́. Màmá mi ti ní orógùn mọ́kànlá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dẹ́kun. "Kì í kọrin. Ó súfèé lẹ́ẹ̀kan, ní Sátidé tó kọjá. Gbogbo ilé dúró bí ẹni tó gbọ́ ìbọn."

"Ọláńrewájú ńkọ́?"

"Ó ní kí ẹ wá kà á fún ilé. Ó ní kí ẹ má yọ nǹkan kan."

Màmá Àgbà gbé ilẹ̀kùn náà sílẹ̀. "Tinúkẹ́, ṣé o ti dárí jì mí?"

Tinúkẹ́ ti ilẹ̀kùn kékeré náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

"N kò tíì, mà. Mo máa ń rí Jídé ní Ìjerò." Ó gbé ojú wo ògiri. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kọ ti Moses sí i. Kí ẹ sì kọ tèmi. Ẹ kọ ọ́ pé mo ní àfẹ́sọ́nà kan rí, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀."

Igbá ẹ̀gúsí wà ní ẹ̀gbẹ́ Màmá Àgbà, ohun tí a fẹ́ fi se ọbẹ̀ alẹ́ ni. Tinúkẹ́ fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láìbéèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Màmá Àgbà ní kí n mú gègé jáde nínú àpótí. Tàdáwà ti gbẹ, mo fi omi díẹ̀ tú u. Mo rò pé ti Moses ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ó ní rárá, kí n ṣí iwájú, níbi tí kò sí nǹkan kan. Ó sọ ọ́, mo sì kọ ọ́:

"Ní ọdún 1938, èmi Lydia Dúrótoyè kọ ìwé kan tí wọ́n kà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹfọ̀n. Ibà kọ́ ló pa Jacob."

Ó ní kí n kà á padà fún òun. Mo kà á. Tinúkẹ́ ń bó ẹ̀gúsí lọ, ó ń ju èèpo sílẹ̀, ó ń gbọ́.